Ojú Mi Ni A Fi Ṣe Òṣùwọ̀n

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí n wá sọ ìtàn iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi, kí àwọn tó ń ro irú iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Mo kọ̀. Wọ́n tún wá. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n mi ò ní dúró níwájú ẹnikẹ́ni. Màá sọ ọ́, kí ẹnì kan bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Mẹ́tìrì, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ níwèé, ló ń kọ ọ́. Ó jókòó tì mí báyìí, mo ń gbọ́ bí kálàmù rẹ̀ ṣe ń ha ìwé. Mẹ́tìrì, má bá mi tún un ṣe o! Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́. Bí inú bá bí mi, kọ ìbínú. Bí mo bá sunkún, ìyẹn ò kan ìwé, ṣáà dúró dè mí.

Ẹ mọ̀ mí. Ní àdúgbò Akron níbí, ní Porto-Novo, kò sẹ́ni tí kò mọ Tantí Ojú. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni pé mo máa ń wo ẹ̀yìn ẹyinjú ènìyàn, níbi tí ohun tí a bá rí ti ń bọ́ sí, mo sì máa ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá iṣẹ́ náà dára, ó dára. Iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ mí rárá. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo kàwé débi tí agbára ìyá mi mọ, àgbà ìjọ kan mọ ẹnì kan ní lọpitálì tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú, ó kọ lẹ́tà, mo gbé lẹ́tà lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń wọlé, ó ń jáde. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́, Majọ̀ ni gbogbo wa ń pè é, nítorí òun ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Ọkùnrin gíga, tínínrín, tí kì í rẹ́rìn-ín. Fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ aṣọ funfun rẹ̀, nítorí kò gbà pé ìyàwó òun mọ aṣọ lọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé yóò fi irinṣẹ́ hàn mí. Ó mú mi wọ yàrá kan tí wọ́n fi rídò, aṣọ dúdú, bo fèrèsé rẹ̀, ó fi àga hàn mí, ó ti ilẹ̀kùn. Òkùnkùn biribiri! Mo gbọ́ tí ó jókòó síwájú mi.

Ó ní, "Kí lo rí?"

Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan, Majọ̀."

"Jókòó."

Ó pẹ́. Ó tún ní, "Kí lo rí?"

"Mo rí nǹkan bíi tábìlì."

"Jókòó."

A jókòó títí mo fi rí tábìlì, mo rí kọ́ọ̀bù, mo rí bọ́tìnnì àyà aṣọ rẹ̀, mo kà á, márùn-ún ni. Ìgbà yẹn ló tó ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Rúùtù, ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn wọlé, irọ́ ló ń pa. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Bí o kò bá ní sùúrù dúró dè é, ẹlẹ́rìí èké ni ọ́." Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gbálẹ̀, tí mo ń nu gíláàsì, tí mo ń fi ogún ìṣẹ́jú jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú àwọn aláìsàn kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ó le! Àbí kí ni mo tún fẹ́ pè é. Bí aláìsàn bá ti mu kọfí láàárọ̀ yẹn, ó di ọ̀la. Bó bá sáré wá, kó jókòó mí ná. Bí èmi bá fi lọ́fínńdà para, ó di ilé, kí n lọ wẹ̀ ẹ́ kúrò. Ìgbà yẹn, fìlìmù la fi ń ya ẹ̀yìn ojú, a ó fọ fìlìmù nínú omi olóòórùn kan tó máa ń bó mi lọ́wọ́, a ó sá a sórí okùn. Ní ọjọ́ kan, òjò ṣú, mo sì fẹ́ tètè lọ sílé. Ìyá kan wà nínú òkùnkùn, àyẹ̀wò rẹ̀ ló kù. Dípò ogún ìṣẹ́jú, mo fún un ní mẹ́wàá péré. Mo ya fótò rẹ̀, mo ní kó máa lọ. Ta ló máa mọ̀? Lọ́jọ́ kejì Majọ̀ wo fìlìmù náà lójú iná, ó wò mí, ó gé e sí wẹ́wẹ́.

Ó ní, "Ibo ni màmá yìí ń gbé?"

Mo ní Djègan-Kpèvi ni.

"Lọ mú un wá. Fi ẹsẹ̀ rìn lọ, má gun alùpùpù zẹ́mì. Sọ ohun tó o ṣe fún un kí o tó sọ fún un pé kó padà wá."

Mo rìn. Mo sunkún lójú ọ̀nà, mo ṣépè fún un nínú mi, mo ní ọkùnrin yìí yóò kú ikú àìlẹ́nìkan. Màmá náà ń ro ògì nígbà tí mo débẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó wò mí, ó ní, "Nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ bàtà, ó tẹ̀ lé mi. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò kúrò lára mi láéláé ni, n kì bá tí máa sọ ìtàn yìí lónìí.

Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí ẹ̀rọ tuntun náà tó dé. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú, wéréwéré. Mo bi Majọ̀ pé kí ni ó wà fún.

Ó ní, "Rúùtù, bí àlejò mẹ́wàá bá ya ilé yín lójijì, kí ni ìyá rẹ máa ṣe?"

"Yóò ní ká lọ pọnmi sí i."

"Ẹ̀yìn ojú náà nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ni àlejò. Bó bá ti ń tàn tó ń kú báyìí, iṣẹ́ á pọ̀ fún awọ ẹ̀yìn ojú, á ké sí ẹ̀jẹ̀. Iṣan á fẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ á wọlé. Díẹ̀ báyìí ni o, ojú lásán ò lè rí i. Ẹ̀rọ yìí ló ń wọ̀n ọ́n, tó ń fà á ní ìlà sórí bébà."

"Bí ìmọ́lẹ̀ bá pe ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò dáhùn ńkọ́?"

Ó ní, "A jẹ́ pé ilé ti ń bàjẹ́, onílé ò sì tíì mọ̀."

Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, àìsàn ṣúgà, àwọn la gbé ẹ̀rọ náà wá fún. Ẹni náà lè máa ka Bíbélì rẹ̀ geerege, kó máa fi abẹ́rẹ́ ránṣọ, kó máa sọ pé ojú òun kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí o bá tan ìmọ́lẹ̀ yẹn sí i, ìlà rẹ̀ á rọra gbé orí díẹ̀, á tún sùn. Nígbà náà la ó sọ fún un pé: bàbá, ìyá, ẹ ṣọ́ ẹnu yín, ẹ má fi oògùn yín ṣeré, ẹ máa wá lóṣooṣù. A ó gbà á kó tó bàjẹ́. Ìyẹn ni ẹwà iṣẹ́ náà, ẹ̀yin ọmọ mi. A máa ń mọ̀ kí ẹni tó lojú tó mọ̀.

Báyìí, ẹ fetí sílẹ̀, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Kò síbi tí èèyàn lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo Porto-Novo kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ń sọ òtítọ́. Majọ̀ bá dá àṣà kan sílẹ̀. Láràárọ̀, kí aláìsàn kankan tó wọlé, àwa òṣìṣẹ́ ni a ó kọ́kọ́ gbé ojú tiwa síbẹ̀. Ènìyàn méjì: èmi àti Séfírínì, ọmọkùnrin ará Ouando kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ̀pà kì í tán lápò rẹ̀. Ibi tí ìlà àwa méjèèjì bá ga dé, ibẹ̀ la ó fa ìlà pupa sí. Ìlà pupa ni ojú tó le. Aláìsàn tí tirẹ̀ bá dé ìlà pupa, ara rẹ̀ dá. Èyí tí kò bá dé e, ẹ̀rù ń bẹ.

Tèmi ló máa ń ga jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Majọ̀ mú bébà mi, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ní, "Ojú Rúùtù yìí, òṣùwọ̀n ni." Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi tó fi sọ ọ́. Ìyẹn nìkan ni ìyìn tó yìn mí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mi ò lè jẹun ọ̀sán, inú mi dùn jù. Mo sọ ọ́ nílé, mo sọ ọ́ ní ìjọ, mo sọ ọ́ fún àwọn aláìsàn: ojú mi ni òṣùwọ̀n. Ibẹ̀ ni "Tantí Ojú" ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó rántí Rúùtù mọ́.

Nígbà tí Majọ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó fún mi ní ìwé káyẹ̀ tó lẹ àwọn bébà ìlà wa àtijọ́ mọ́. Ó ní, "Ènìyàn méjì láràárọ̀. Bí Séfírínì ò bá sí, mú olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí olùṣọ́ ò bá sí, mú ìyá tó ń ta búrẹ́dì. Má dá nìkan ṣe òṣùwọ̀n, Rúùtù. Ojú kan ò tó ilé ayé wò." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbé káyẹ̀ náà sínú àpótí, mi ò ṣí i mọ́.

Séfírínì gba iṣẹ́ ní Parakou, ó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo mú olùṣọ́. Ó ń pẹ́ dé, ó ń ṣomi lójú, ó ń bi mí bóyá ìmọ́lẹ̀ náà kò ní sọ òun di akúra. Ọlọ́run mi! Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo fi í sílẹ̀. Mo pa á lówe fún ara mi pé a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ojú mi síbẹ̀, mo fa ìlà pupa. Èmi nìkan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Òwe tí mo fi dá ara mi láre, ẹ wo bí ó ṣe yí padà: gbogbo àwọn tó wá sọ́dọ̀ mi, ojú mi ni mo fi ń bá wọn ṣòwò, wọn kò sì mọ̀.

Ayé yí padà. Fìlìmù lọ, omi olóòórùn lọ, ọ̀dínátọ̀ dé, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kọ̀ǹpútà. Tẹ́lẹ̀ rí, a máa ń fi rúlà àti kálàmù pupa fa ìlà. Ó wá di pé kí n fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì, ìlà pupa á gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Ó rọrùn jù. Ohun tí èèyàn fi rúlà fà, ọwọ́ á rántí ibi tó wà lánàá. Ìka tó tẹ bọ́tìnnì kì í rántí nǹkan kan.

Ìlà mi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Díẹ̀díẹ̀ ni. Mo ní àtùpà inú ẹ̀rọ ló ti gbó. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n ra àtùpà tuntun. Àtùpà kò dé. Mo bá fa ìlà pupa wálẹ̀ díẹ̀ kí ó lè bá tèmi dọ́gba, torí ojú mi kọ́ ni òṣùwọ̀n bí? Ní ọdún kejì, ó tún kúrú. Mo tún fà á wálẹ̀. Bí ẹni tí ara rẹ̀ le bá wá, tí ìlà rẹ̀ sì fò kọjá tèmi, màá ní ó mi orí. Màá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ tí ìlà á fi wálẹ̀. Mẹ́tìrì, o dúró? Kọ ọ́. Ohun tí mo ṣe ni.

Ní gbogbo àkókò yẹn, òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo ní ooru ni. Mo ń mu sùkírì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù, ìgò méjì, ìgò mẹ́ta lójúmọ́. Mo ń tọ̀ ṣáá. Mo ní nítorí pé mò ń mu sùkírì ni. Èmi tí mò ń kọ́ gbogbo ìlú ní àmì àtọ̀gbẹ! Ọbẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Mo ní àbúrò kan, Débórà, ọmọ ìyá mi. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Djègan-Kpèvi, àwọn ìyá ìjọ ló máa ń gbé aṣọ wá fún un láti gbogbo àdúgbò. Wọ́n sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ. Ó wá bá mi níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá fẹ́ gé ẹsẹ̀ mi, kí wọ́n gé e. Kí wọ́n ṣáà fi ojú sílẹ̀ fún mi. Ojú ni mo fi ń jẹun. Mi ò mọ nǹkan mìíràn ṣe láyé."

Mo mú un wọ inú òkùnkùn. Ogún ìṣẹ́jú gbáko, mi ò yọ ọ̀kan. Mo tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ìlà rẹ̀ gòkè díẹ̀, ó dúró sórí ìlà pupa pẹ́kípẹ́kí. Inú mi dùn. Mo fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, mo ní, "Débórà, ojú rẹ dà bí tèmi gan-an! Lọ máa rán aṣọ rẹ."

Ó jó jáde. Ọdọọdún ló ń wá, ọdọọdún ni mò ń sọ ọ́ fún un: ojú rẹ dà bí tèmi gan-an. Òtítọ́ ni mò ń sọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tó yá, ó fi oògùn sílẹ̀. Ó ń jẹ àgbọn tí wọ́n fi ṣúgà dín. Bí ọkọ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ta ló mọ ojú ju ẹ̀gbọ́n mi lọ?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé dókítà obìnrin kan wá fún wa, ọ̀dọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó bá mi níbi tí mo ti ń gbé ojú mi sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ní, "Tantí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi náà dán an wò, mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára." Mo gbà. A jókòó sínú òkùnkùn títí ogún ìṣẹ́jú fi pé. Mo tan ìmọ́lẹ̀. Ìlà rẹ̀ fò sókè, ó kọjá ìlà pupa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lórí ọ̀dínátọ̀.

Mo ní, "Dókítà, ẹ mi orí."

Ó ní, "Mi ò mi orí, Tantí."

Mo tún un ṣe. Bákan náà ló rí. Mo ní ẹ̀rọ yìí ti ń ṣe ségesège. Dókítà dìde. Ó lọ pe awakọ̀ wá. Ìlà awakọ̀ fò. Ó pe ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà, ìyá tó dàgbà jù mí lọ. Ìlà tirẹ̀ náà fò. Mo lọ ṣí àpótí fúnra mi, mo gbé káyẹ̀ Majọ̀ jáde, mo ní èyí ni yóò fi hàn pé àtùpà ló ti gbó. Dókítà ṣí i. Lójú ewé kìíní, ìlà kan wà níbẹ̀ tó ga bí igi àgbọn, a fi kálàmù kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ta ni Rúùtù?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wo ìlà náà, ó wo ìlà tí mo ṣe ní àárọ̀ yẹn, tó sùn sílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Ó rọra ní, "Tantí, ẹ ti yẹ ṣúgà ara yín wò rí?"

Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Kí Ọlọ́run gbọ́, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Wọ́n gún mi ní ìka, ẹ̀jẹ̀ kán, wọ́n wò ó, ṣúgà kún inú rẹ̀. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ohun tó ń ṣe àwọn aláìsàn mi ló ń ṣe mí, èmi sì ni mò ń wo ojú wọn, tí mò ń sọ fún wọn pé kò ṣe wọ́n. Dókítà kò bá mi wí. Bí ó bá bá mi wí, ìbá sàn. Bí Majọ̀ bá wà, yóò gé mi sí wẹ́wẹ́ bíi fìlìmù ọjọ́sí. Ṣùgbọ́n Majọ̀ ti kú. Mo dúpẹ́ pé ó ti kú. Mẹ́tìrì, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

A kọ orúkọ gbogbo wọn jáde, ọdún lé ọdún. A pè wọ́n lórí tẹlifóònù, a rán èèyàn sí ilé wọn. Àwọn kan ti kọjá sí Nàìjíríà, a ò rí wọn. Àwọn kan ti kú. Àwọn kan wá lásìkò, a rí tiwọn dá dúró. Mi ò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kọ́ ni mò ń rí lójú oorun. Bàbá kan tó ń ta àgbàdo ní Ouando, ìyàwó rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wọlé. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó ṣí fìlà. Ó ní, "Tantí Ojú, ẹ kú iṣẹ́. Bí kì í bá ṣe tiyín ni, ojú mi ìbá ti fọ́ tipẹ́." Kò sì rí ògiri tó wà níwájú rẹ̀. Mo wọ inú yàrá òkùnkùn, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ di ẹnu mi.

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Mo gun zẹ́mì lọ sí Djègan-Kpèvi. Débórà jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fa òwú sẹ́nu, ó fi ahọ́n rin ín, ó ń fi ìka wá ihò abẹ́rẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wò ó. Kò rí mi.

Mo ní, "Débórà."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ wọlé. Ẹ wá bá mi ki òwú bọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ ayé òde òní yìí, wọ́n ti sọ ihò rẹ̀ di kékeré jù."

"Láti ìgbà wo lo ti ń rí i bẹ́ẹ̀?"

"Ó tó oṣù mẹ́fà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ojú, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ojú mi dára."

Èmi dá àtùpà lẹ́bi, òun dá abẹ́rẹ́ lẹ́bi. Ọmọ ìyá kan náà ni wá lóòótọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú àbúrò mi nínú ègé aṣọ tó wà nílẹ̀, bí mo ṣe kúnlẹ̀ níwájú ìyá ológì ní ọjọ́sí ní àdúgbò kan náà yẹn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín bíi ti ìyá ológì. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò fi ojú ẹlòmíràn wò ó?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á dìde. Ẹ̀jẹ̀ ti ń tú lẹ́yìn ojú rẹ̀ nígbà tí a gbé e dé lọpitálì. Wọ́n fi iná lésà jó o, wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí i, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Ọdún náà kò parí tí kò fi rí nǹkan kan mọ́. A ta ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, mo mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Akron.

Àwọn àgbà ìjọ ní Ọlọ́run ti dárí jì mí. Mo gbọ́. Ojú wọn ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run dá a padà fún wọn? Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́ iṣẹ́ tó bá wù yín. Iṣẹ́ ojú dára, mo tún un sọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá yín bá ní ènìyàn méjì, ẹ mú ènìyàn méjì, ì báà jẹ́ ìyá tó ń ta búrẹ́dì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. Gbígbọ́ rẹ̀ kò ràn mí lọ́wọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá yóò ràn yín lọ́wọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Mẹ́tìrì, kọ èyí kẹ́yìn, lẹ́yìn náà kí o máa lọ.

Láràárọ̀, èmi àti Débórà a máa gbé àga jáde síwájú ilé. Aránṣọ ni, àwọ̀ aṣọ ló ń wù ú láti gbọ́. Á bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rí?" Màá sọ aṣọ tí a sá sórí okùn fún un: èyí jẹ́ àwọ̀ ewé, èyí jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run, èyí ti ṣí. Ara rẹ̀ máa ń yá. Nígbà tí ojú tèmi náà ń lọ, mi ò sọ fún un. Àwọ̀ kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni aṣọ fúnra rẹ̀ di òjìji. Mo ń bá a lọ. Mo ń pe pupa, mo ń pe àwọ̀ ewé, bó ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní kí ó ṣáà rí nǹkan gbádùn lójúmọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tún bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní ìró pupa kan wà lórí okùn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, ó ń tàn yòò nínú oòrùn.

Ó nawọ́, ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó dì í mú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kó gbogbo aṣọ kúrò lórí okùn lálẹ́ àná. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ojú yín ti dà bí tèmi gan-an."